Ta Ló Fọ́ Lọ́ọ̀kì Ẹ̀rọ Kẹta?

"Buwọ́ lù ú," ni ọ̀gá wa wí, ó sì ti bírò sí mi lọ́wọ́.

Mo wo bírò náà, mo wo ìwé tó wà lórí tábìlì, mo wá wo ojú ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ò gùn. Ó ní èmi afọṣọ ni mo fi ọ̀bẹ já ìdérí ẹ̀rọ ìfọṣọ kẹta, tí mo sì fọ́ lọ́ọ̀kì rẹ̀; ó ní mo jẹ́wọ́, mo sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti òní lọ.

"Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan," ni mo dáhùn.

"O ò ní buwọ́ lù ú?"

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, sà. Mi ò ṣe é. Bí ẹ bá kọ ọ́ nígbà ogún, ìgbà ogún náà ni mi ò ní buwọ́ lù ú."

"Ṣé o rí i pé ọlọ́pàá ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

"Mo rí wọn. Ẹ kú ìjókòó o, ọ̀gá ọlọ́pàá."

Ọlọ́pàá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ìwé sórí orúnkún, fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa wò ó lójú kan, ọlọ́pàá náà sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Aago-Ò-Dúró la máa ń pe ọ̀gá yìí bó bá ti kẹ̀yìn sí wa, torí pé bí o bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ dé, ohun tí yóò sọ nìyẹn: "Aago ò dúró de ẹnikẹ́ni." Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n," ẹ má rò pé ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ò dáa. Àgbà tó bá pa irọ́ mọ́ mi ti sọ ọ̀wọ̀ rẹ̀ nù lọ́dọ̀ mi.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì nínú yàrá yìí. Ilé ìfọṣọ ńlá mẹ́rin péré ló wà nílùú wa, àwọn tó ni wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí mo bá buwọ́ lu ìwé yẹn, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ kejì, wọ́n á ti gbọ́ pé abanǹkanjẹ́ ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lọ, orúkọ mi náà sì lọ, nítorí ohun tí mi ò ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju báyìí lọ. Lánàá ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo kó aṣọ ibùsùn funfun sínú ẹ̀rọ kẹta. Mo pa ìdérí dé, mo tẹ bọ́tìnì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo wa wá jáde lọ kó aṣọ tó ti gbẹ sínú ọkọ̀, bí a ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tí a padà wọlé, ẹ̀rọ ti dúró gbagidi, omi kún inú rẹ̀, ìdérí ò sì ṣeé ṣí. Ọ̀gá ní ká fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ní àárọ̀ yìí la bá ìdérí ní ṣíṣí, àpá ọ̀bẹ kún etí rẹ̀, ọ̀bẹ kan tó ti tẹ̀ sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ mi.

Màdáámù tó ni ilé ìfọṣọ dúró lẹ́nu ọ́fíìsì wọn, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Mo yíjú sí wọn.

"Màdáámù, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ ti gbọ́ ti ọ̀gá. Ta ló bi mí ní tèmi?"

Ogún èèyàn tó wà nídìí iṣẹ́ yíjú sí wa lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ti pọ̀ jù," ni Màdáámù wí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbójú sókè wo aago ara ògiri. "Ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe ń bọ̀. Bó bá di aago méjìlá ọ̀sán tí a ò rí ẹlòmíràn tó ṣe é, o máa buwọ́ lu ìwé yẹn, tàbí kí ọlọ́pàá máa mú ẹ lọ."

"Aago méjìlá, mà," ni mo wí. "Mo gbà."

*

Ẹni tó wọlé jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí kò ga ju èjìká mi lọ. Wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ apá kan, wọ́n gbé àkàsọ̀ kékeré tó ṣeé ká kọ́ apá kejì. Bí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ṣe rí wọn báyìí, ó fò dìde, ìwé orúnkún rẹ̀ já bọ́ sínú omi tó wà nílẹ̀.

"Ọ̀gá mi!"

"Jókòó, ọmọ. Mo ti fẹ̀yìntì. Ṣa ìwé ẹ nílẹ̀ kó tó rin."

Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni ìyá yìí fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kí wọ́n tó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ títún ṣe. Wọ́n ní ẹ̀rọ tẹ́ àwọn lọ́rùn ju èèyàn lọ, torí kì í sunkún ẹ̀tàn. Jẹ́-n-rí-i ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n sí. Kò sí ohun tí o lè sọ fún wọn tí wọn ò ní dá ẹ lóhùn báyìí pé, "Jẹ́ n rí i."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. "Màmá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò le. Obìnrin yìí ló fi ọ̀bẹ—"

"Jẹ́ n rí i."

Wọ́n kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára àga. Wọ́n pa ìdérí ẹ̀rọ kẹta dé, wọ́n tẹ bọ́tìnì, wọ́n sì tẹ́tí. Iná kékeré pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kọ́kọ́rọ́ ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ náà ò mira.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni Màmá wí.

"A ò gbọ́ nǹkan kan, mà," ni mo dáhùn.

"Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn. Lọ́ọ̀kì tó pé máa ń dún 'ká' bí ìdérí bá ti bọ́ sí i. Bí ẹ̀rọ ò bá gbọ́ 'ká,' kò ní yí, torí ó rò pé ọwọ́ ọmọ ẹnì kan ṣì lè wà nínú òun. Ẹ̀rọ yìí ò ya wèrè. Ó ń ṣọ́ra ni."

Wọ́n fa wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, wọ́n tú síkúrù ẹ̀yìn, wọ́n gbé pákó òkè rẹ̀ sókè. Lọ́ọ̀kì náà wà lábẹ́ ibẹ̀, nǹkan dúdú kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Wọ́n já wáyà tó wọ inú rẹ̀, wọ́n gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná jáde, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan lọ́ọ̀kì náà. Ọwọ́ mítà ò kúrò lójú kan.

"Ó ti kú," ni wọ́n wí. "Ó kù ká mọ irú ikú tó pa á."

Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n wá ṣí ìdérí, wọ́n wo ahọ́n kékeré tó máa ń wọ inú lọ́ọ̀kì. Wọ́n pè mí.

"Ìwọ tí wọ́n ní o ṣe é, wá. Bó o bá fi ọ̀bẹ já ìdérí, apá ibo ni ahọ́n yìí máa tẹ̀ sí?"

Mo rò ó. "Òkè, mà. Òkè ni n ó máa fà á sí."

"Ibo ló tẹ̀ sí?"

Mo wò ó, ọkàn mi sì fò. "Ìsàlẹ̀!"

"Ibo ni lọ́ọ̀kì ti fọ́?"

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà, mà."

"Ẹni tó fọ́ lọ́ọ̀kì yìí ò fà á, ńṣe ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní títì. Ojú ọ̀dà lásán ni ọ̀bẹ ha."

"Ọ̀bẹ ọ̀hún ń kọ́?" Aago-Ò-Dúró ti ń gbóhùn sókè. "Ṣé ọ̀bẹ fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ inú apẹ̀rẹ̀ obìnrin yìí ni?"

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá," ni Màmá dáhùn. "Ṣùgbọ́n tí làpálàpá bá ń yọ yín lẹ́nu, sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa á."

*

Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú omi tútù tó wà nínú ẹ̀rọ, wọ́n ń yọ aṣọ ibùsùn jáde níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìkẹrin, wọ́n dúró. Wọ́n gbé nǹkan kékeré kan sókè fún gbogbo wa. Ìbọ̀sẹ̀ ni, aláwọ̀ búlúù, ẹyọ kan.

"Òtẹ́ẹ̀lì wo ló ń gba àlejò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gùn ju ìka mi lọ?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan. Lẹ́yìn tábìlì áyọ́ọ̀nù, Òpó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Òpó ni alọṣọ wa, ó ga débi pé ó máa ń tẹ̀ ba kó tó wọlé. Mo ti máa ń mú un bí àbúrò.

Màmá rìn lọ bá a. Wọ́n ní láti gbórí sókè gan-an kí wọ́n tó lè wo ojú rẹ̀.

"Ọmọ mélòó lo bí?"

"Méjì, mà."

"Mélòó nínú wọn ló ti ń lọ sílé ìwé?"

"Ọ̀kan, mà."

"Ìbọ̀sẹ̀ mélòó ló wọ̀ lọ lónìí?"

Òpó wolẹ̀.

"Ọ̀kan, mà."

Ẹ̀rín bẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò pa mí mọ́. Òpó jẹ́wọ́ tán pátápátá. Ó ní lánàá, òun rọra ti aṣọ ilé ìwé ọmọ òun sáàárín aṣọ ibùsùn mi, torí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń fọ aṣọ ilé rẹ̀ níbí, ilé ló ń lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ dúró tí ìdérí ò ṣí, àyà òun já. Òun tètè dé ní àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, òun fi ọ̀bẹ já a, òun kó aṣọ ọmọ láti sáré gbé e lọ fún un nílé, òun sì gbọ́ tí ẹnì kan ń bọ̀.

"Mo ju ọ̀bẹ sínú apẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ mi jù. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni, ẹ̀gbọ́n. Mo fi Ọlọ́run búra."

"O ò mọ̀ láàárọ̀," ni mo wí. "Ìgbà tí wọ́n ń fi bírò há mi lọ́wọ́ ńkọ́? O dúró gẹ́lẹ́ńdẹ́ síbẹ̀, ò ń lọ aṣọ!"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi náà, ẹ̀rù bà mí. Ṣé mo kó o lé ẹ lórí?"

Aago-Ò-Dúró kò jẹ́ kí n sọ tán. "Ọ̀rọ̀ ti parí! Òpó ló fọ́ ọ, obìnrin yìí sì bò ó mọ́lẹ̀. Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú."

"Ẹ rọra, sà," ni Màmá wí. "Ta ní í fi ọ̀bẹ ṣí ìlẹ̀kùn tí kò há? Ẹ̀rọ ti dúró láti àná. Láàárọ̀ òní ni ọ̀bẹ dé. Ẹni tó dé lẹ́yìn ikú kọ́ ló pa òkú."

Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà kọ ìyẹn sílẹ̀.

*

Mo mọ̀ pé ohun kan ṣì wà lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí Màmá ti sọ pé wọ́n tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ ni mo ti ń rántí ohun tí mo gbé lé e. Mo lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó rí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti Òpó?

"Màmá," ni mo wí, "mo gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù lé ìdérí yẹn lánàá. Gbogbo wa la máa ń gbé e lé e, torí kò sí tábìlì. Bó bá jẹ́ òun ló fọ́ ọ, ẹ sọ ọ́ lójú mi. Mi ò ní fi irọ́ gba ara mi là."

"Ẹ gbọ́ ọ!" Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ó ti jẹ́wọ́!"

"Jẹ́ n rí i," ni Màmá wí.

Wọ́n dá pákó òkè padà sáyè rẹ̀, wọ́n ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ náà wá, kí n sì kó aṣọ tútù kún un bó ṣe kún lánàá. Mo gbé e lé ìdérí. Màmá lóṣòó, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pè mí kí èmi náà wò ó. Ìdí apẹ̀rẹ̀ wa fẹ̀ ju ìdérí lọ. Etí rẹ̀ jókòó sára ẹ̀rọ yíká. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ìdérí rárá.

"O lè gbé erin sínú apẹ̀rẹ̀ yìí," ni Màmá wí, "lọ́ọ̀kì ò ní mọ̀."

Mo mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò. Wọ́n nu ìdérí mọ́, wọ́n wá dá tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́. Nígbà yẹn ni mo rí i. Nítòsí etí iwájú, lókè ibi tí ahọ́n wà gan-an, ojú irin náà ti rì díẹ̀. Kòtò náà ò tóbi ju ẹnu ife tíì lọ, ó tẹ́jú lápá kan, ó sì tẹ̀ roboto lápá kejì.

"Kí lo rò pé èyí jẹ́?" ni wọ́n bi mí, wọ́n ti rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó jọ gìgísẹ̀ bàtà, mà."

"Wo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yìí fún mi. Má gbójú sókè."

Mo wò ó. Ilẹ̀ yàrá wa kì í gbẹ, nítorí náà òfin ni pé bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ ni kí gbogbo wa máa wọ̀. Òpó wọ̀ ọ́. Èmi náà wọ̀ ọ́. Màdáámù fúnra wọn ń wọ̀ ọ́ nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Nínú àwa òṣìṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló wọ bàtà aláwọ, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń dún kó, kó, kó kí ojú rẹ̀ tó yọ.

Mo ya ẹnu. Màmá fi ìka kan ẹnu wọn.

*

A lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, níbi tí ariwo ti pọ̀ jù.

"A ti mọ ẹsẹ̀," ni Màmá wí. "A ò tíì mọ ìdí. Kí ni ọ̀gá yín ń wá lórí ẹ̀rọ kẹta? Kí ló wà lókè ibẹ̀?"

"Ògiri, mà. Aago náà."

"Mo ti ń wo aago yẹn láti ìgbà tí mo dé. Erùku òwú bo gbogbo nǹkan tó wà lókè yàrá yìí. Ó bo páìpù, ó bo gílóòbù iná. Kí ló dé tí aago nìkan mọ́ lápá ọ̀tún?"

Wọ́n tún bi mí pé ṣé fóònù wa ò sí lọ́wọ́ wa ni. Mo ní rárá, inú àpótí ẹnu ọ̀nà la ń kó o sí bí a bá ti dé, aago ara ògiri nìkan la ń wò títí a ó fi jáde.

"Kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ kẹta? Ìwà tó máa ń hù. Ohun tí kò já mọ́ nǹkan pàápàá."

Mo rẹ́rìn-ín. "Kò sí o, mà. Àwàdà lásán la máa ń fi í ṣe. Wákàtí kan ló máa ń fi fọ ẹrù kan láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló máa ń lò. Gbogbo ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni, lójoojúmọ́. A máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà ti ń kánjú àtilọ sílé."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń wò mí, wọ́n ń dúró kí n gbọ́ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara mi sọ.

"Ẹ̀rọ ò mọ ìrọ̀lẹ́," ni mo wí níkẹyìn.

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n."

"Aago ló ń padà sẹ́yìn. Nígbà tí a bá jáde lọ kó aṣọ sínú ọkọ̀..."

"Á gun ẹ̀rọ, á sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dá a padà. Láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dé, á tún un ṣe. Àná ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sójú ibi tí kò yẹ, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tí lọ́ọ̀kì sì wà ní títì."

Mo fara ti ògiri. Aago mẹ́rin la ń jáde, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì mi ń lọ, ibùdókọ̀ ò sì jìnnà, síbẹ̀ mi ò tíì bá a rí. Ìlà tí a ń tò níwájú àpótí fóònù la máa ń dá lẹ́bi. Mo rántí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, tó máa ń dá nìkan dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ó ti sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé ìyá òun ò mọ aago kà. Mo gbá a létí lọ́jọ́ náà.

"Mo máa pa á," ni mo wí.

"O ò ní pa á. O máa pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó le jù fún ẹ nìyẹn, mo mọ̀. Pe alọṣọ yín fún mi. Ẹni tó ga tó yẹn ò nílò kó gun ẹ̀rọ kó tó fọwọ́ kan aago."

*

Màmá ní kí Màdáámù pe ọ̀gá sí ọ́fíìsì kí wọ́n jọ ro owó lọ́ọ̀kì tuntun. Kó tó jáde, Òpó ti na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sókè, ó ti yọ bátìrì aago, ó sì ti padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ń wolẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Màmá na àkàsọ̀ wọn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kẹta, wọ́n sì pa ìdérí rẹ̀ dé.

"Màdáámù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i," ni Màmá ké. "Aago méjìlá lẹ dá fún wa. Tọwọ́ mi ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti ara ògiri yín ti dúró."

Ọ̀gá tẹ̀ lé Màdáámù jáde. Ó gbójú sókè wo aago, ó pòṣé.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Àní aago lásán!"

Kó, kó, kó, ó rìn kọjá lára àkàsọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí ọṣẹ, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di páìpù mú láìwò ó, ó sì gbé ara sókè sórí ẹ̀rọ kẹta bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jókòó pẹ́ẹ́ sínú kòtò náà.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, sà," ni Màmá wí. "Ẹ má mira."

Ó yíjú. Ogún èèyàn ń wò ó.

"Àkàsọ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gba orí ẹ̀rọ?"

"Mo... ó kàn yá mi lára."

"Ẹsẹ̀ yín mọ̀nà. Ọwọ́ yín mọ páìpù. Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ lèyí. Ẹ fẹ́ sọ fún wọn ohun tẹ́ ẹ máa ń wá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àbí kí n bá yín sọ ọ́?"

Ó wo Màdáámù. Màdáámù wo ibòmíràn.

"Fún ire ilé iṣẹ́ ni!" ni ó pariwo látòkè. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi òfófó pa wákàtí méjì!"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé àwọn yòókù. Mi ò lè júwe ohùn tó jáde lẹ́nu wọn. Ọlọ́pàá dìde, ó ní kí ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, kó sì bá òun jókòó, torí ó ti fẹ̀sùn tí kì í ṣòótọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀.

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè, sà," ni mo wí fún un bó ṣe ń kọjá lára mi. "Ọjọ́ kan ni tolóhun." Mo sọ ọ́ sókè, kó má baà sọ pé òun ò gbọ́.

*

Màmá ní kí n fi ọwọ́ ara mi de lọ́ọ̀kì tuntun. Wọ́n jókòó sórí àpótí ọṣẹ, wọ́n ń fi ẹnu darí mi. Mo ki wáyà bọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi mú, mo gbé e sáyè rẹ̀, mo fún síkúrù mẹ́ta, mo pààrọ̀ ahọ́n ìdérí, mo sì dá pákó òkè padà. Mo ki wáyà bọ iná. Mo pa ìdérí dé, mo tẹ bọ́tìnì.

Ká.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fò sókè. Ẹ̀rọ náà da omi àná nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Màdáámù pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n ní inú àwọn ò dùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, ká fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ẹní, torí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ò gbọ́dọ̀ gbọ́.

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo wí. "Mi ò gbà."

"Kí lo tún fẹ́? Mo ti ní o ò jẹ̀bi."

"Ojú gbogbo èèyàn lẹ ti ní mo máa tẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ. Inú yàrá tẹ́ ẹ tì pa lẹ ti ń dá mi láre. Bí wọ́n bá bú mi níta, ìta náà ni wọ́n á ti bẹ̀ mí."

"Ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀, mà. Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fúnra yín nìyẹn."

Mo ṣí ìlẹ̀kùn. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ kìíní, mo pa á. Mo pa ìkejì. Mo pa ìkẹta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn, mo pa àwọn yòókù, mo pa ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ nínú yàrá yẹn rí. Òpó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. Kò sẹ́ni tó mira.

Màdáámù dúró lẹ́nu ọ́fíìsì, wọ́n wò mí títí. Mi ò wolẹ̀.

"Òun kọ́ ló fọ́ ẹ̀rọ," ni wọ́n wí. "Ọ̀gá ló fọ́ ọ, ó sì ń jí àkókò yín. A ṣẹ̀ ẹ́. Kó má bínú."

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un sọ, torí àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ò gbọ́.